Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

   Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan tọmọdé tàgbà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òbí àti ọmọ jọ kà á.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì níṣẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo gbólóhùn Yorùbá tí wọ́n bá gbọ́ nílé sílẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí di ìgbà tí wọ́n bá sùn, fún odidi ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi ń lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n mú ìwé wọn dé, àfi bíi pé ọmọ kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀: "Dìde. Lọ wẹ̀. Wọ bàtà rẹ. Ṣe kíá. Wá jẹun. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ? Lọ sùn." Ọmọ kan kọ ti ọjọ́ Ajé dáadáa. Nígbà tó dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ "bíi ti àná" síbẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò purọ́.

Mi ò sọ èyí láti fi bú òbí kankan. Mo mọ òbí tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo mọ èyí tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ nígbà tí ọmọ ń lọ sí ilé ìwé, tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé. Owó ilé kò mọ̀ pé ó rẹ èèyàn. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ta ni orí yá láti jáde lẹ́yìn ìyẹn? Ètò sì dára fún ọmọ. Ọmọ tó mọ ìgbà oúnjẹ àti ìgbà oorun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kì í ṣe ètò ni mo ń bá jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ọjọ́ ọmọ bá ṣe fẹ̀ tó ni èdè rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Bí gbogbo ọjọ́ bá jọra, àwọn ọ̀rọ̀ kan náà la ó máa lò, àwọn ọ̀rọ̀ tó kù á jókòó lásán títí a ó fi gbàgbé wọn.

Ẹ wo ohun méjì tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Èkínní ni ohun tí mo máa ń pè ní Yorùbá àṣẹ. Ọmọ tó jẹ́ pé àṣẹ nìkan ló ń gbọ́, àṣẹ náà ló máa sọ. Bàbá àgbà ti Nàìjíríà dé, ọmọ fẹ́ fi Yorùbá yẹ́ wọn sí, ó ní: "Bàbá, jókòó. Wá jẹun." Ìtìjú á bo ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀hún kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́ o. Ibo ni kó ti gbọ́ "ẹ jókòó, sà"? Òun ni wọ́n ń pàṣẹ fún nílé, òun ló kéré jù, "o" àti "ìwọ" nìkan ni wọ́n sì ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó gbọ́ ló sọ.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà pè láti Ìbàdàn tàbí láti Òṣogbo, wọ́n béèrè pé, "Kí lo ṣe lónìí, ọkọ mi?" Ọmọ dáhùn pé, "Mo lọ sí ilé ìwé, mà." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìbéèrè kan náà ni, ìdáhùn kan náà ni. Kò sí ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀, bó bá sì ṣẹlẹ̀, ọmọ kò ní ọ̀rọ̀ tó máa fi ròyìn rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ìyá àgbà ò ní béèrè mọ́. Wọ́n á kàn ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, gbé fóònù fún màmá ẹ." Ibi tí okùn ti ń já nìyẹn, kì í sì í dún nígbà tó bá ń já.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ọjọ́ jọra. Ẹ wo bí a ṣe ń kí ara wa. Ohun tó bá wà nínú ọjọ́ ẹni la fi ń kí i. Ẹni tó wà ní ọjà, ẹ kú ọjà. Ẹni tó tò sórí ìlà, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó ti jókòó ká tó dé, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ẹ kú ìrìn àjò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, ẹ kú ẹwà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Bí òjò bá rọ̀, a kú òjò. Bí òtútù bá mú, a kú òtútù. Kò sí ohun tí ojú lè rí tí a kò ní ìkíni fún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í bá òbí rẹ̀ dé ọjà, tí kò bá wọn lọ sí àlejò, tí kò bá wọn dúró lórí ìlà kankan, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" ló máa mọ. Kì í ṣe pé a kò kọ́ ọ ní ìkíni tó kù. Ọjọ́ rẹ̀ ni kò fún un láyè láti lò wọ́n.

Àwọn baba ńlá wa náà ní iṣẹ́ tí kì í yí padà. Oko ni lónìí, oko ni lọ́la. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ wọn kì í ṣe ọjọ́ méje bíi tiwa yìí. Ọjọ́ mẹ́rin ni, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ni ín. Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti Ọbàtálá, Ọjọ́ Awo jẹ́ ti Ọ̀rúnmìlà, Ọjọ́ Ògún jẹ́ ti Ògún, Ọjọ́ Jàkúta jẹ́ ti Ṣàngó. Nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ọrún ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ọjà kan wà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, òmíràn ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ìpàdé ẹgbẹ́ sì lè jẹ́ ìtàdógún, ìyẹn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbà á wò: 4 tí a fi 1 kún jẹ́ 5, 8 tí a fi 1 kún jẹ́ 9, 16 tí a fi 1 kún jẹ́ 17. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà o. Onígbàgbọ́ wà nínú ilé ẹ̀kọ́ wa, mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí ọjọ́ kan jọ èkejì. Ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ọrún, ọjọ́ náà ló máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, bí wọ́n ṣe ń tọrọ èènì, bí wọ́n ṣe ń béèrè ará ilé lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti rí tipẹ́. Nígbà tó bá padà dé oko, ó ti ní ìròyìn tó máa sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwa náà ń pàdé. Bí orúkọ ọjọ́ náà ṣe dún létí, àbá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá mẹ́ta.

Àbá kìíní: ẹ yí ọ̀nà padà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà kan kò wọ ilé ìwé náà. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ tàbí bọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiyín kí ẹ fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì tí ẹ kò wọ̀ rí, kí ẹ jókòó sí iwájú pátápátá ní òkè. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì London, àgbàlagbà tó bá sì ti fi káàdì sanwó bọ́ọ̀sì kan lè wọ òmíràn láàárín wákàtí kan láìtún san owó kejì. Nítorí náà, kò ní ná yín ní nǹkan púpọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní òfin kan fún ìrìn náà: ọmọ ni kó máa júwe ọ̀nà, òbí ni kó máa tẹ̀ lé e. "Ẹ yà sí apá ọ̀tún. Ẹ dúró, iná ti pọ́n. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọdá. Ẹ má yà sí òsì o, ẹ máa lọ tààrà." Ṣé ẹ rí i pé "ẹ" ló ń lò? Bí ọmọ bá gbàgbé, tó ní "Mọ́mì, dúró," kí Mọ́mì má dúró títí yóò fi tún un sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni yóò dà, kò sì ní gbàgbé mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ọmọ pariwo "Ó wà o!" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àwọn èrò ọkọ̀ Èkó ti ń ṣe, kó tó tẹ bẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ẹ bá délé, kí ó dárúkọ ohun mẹ́ta tí kò rí rí.

Àbá kejì: ẹ fún ìrọ̀lẹ́ kan ní ẹni tó ni ín

Bí ọjọ́ mẹ́rin àtijọ́ ti ní àwọn tó ni wọ́n, ẹ mú ìrọ̀lẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kí ẹ fi jìn fún ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì dára, nítorí kò sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì àfi tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọmọ ni ọ̀gá ilé ìdáná. Òun ló máa yan oúnjẹ, òun ló máa pín iṣẹ́, Yorùbá ló sì máa fi pín in.

Mo yan ilé ìdáná nítorí pé ibẹ̀ ni Yorùbá ti lówó lọ́wọ́ jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ pé òun fẹ́ ṣe oúnjẹ. Tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà, a ń sè é. Dòdò, a ń dín in. Iyán, a ń gún un. Àmàlà, a ń rò ó. Ẹ̀bà, a ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀pà, a ń yan án. Iṣu, a lè sè é, a lè sun ún, a lè dín in, ọ̀rọ̀ náà sì ti sọ bó ṣe máa rí lẹ́nu kó tó dé orí àwo. Ọmọ tó ń jẹ gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè má gbọ́ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá pè é, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. "Wá jẹun" nìkan ló kàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú àkàrà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi. Bó bá ti rọ̀, ẹ bó o, kí ẹ ṣan èèpo rẹ̀ dànù. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, kí omi rẹ̀ má pọ̀ jù. Ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ wá lù ú dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, nítorí ìyẹn ló ń jẹ́ kó fúyẹ́. Nígbà tí epo bá gbóná, ẹ máa fi ṣíbí bù ú sí i, kí ẹ yí i padà nígbà tí abẹ́ rẹ̀ bá ti pọ́n. Òbí ni kó dúró ti epo gbígbóná o, ọmọ ni kó máa pàṣẹ: "Dádì, ẹ bá mi gé àlùbọ́sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e tóbi. Mọ́mì, ẹ tọ́ ọ wò, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?" Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí kò sọ rí fún odidi ọdún kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sì ni.

Bí ọkọ tàbí aya yín kì í bá ṣe Yorùbá, ìrọ̀lẹ́ yìí dára fún un. Òun àti ọmọ á jọ máa kọ́ ọ ni. Ó máa ń dùn mọ́ ọmọ láti mọ ohun tí òbí rẹ̀ kan kò tíì mọ̀.

Àbá kẹta: ẹ gbé ẹsẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù

Òwe kan sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù, ẹ mú ọmọ lọ síbi tí Yorùbá ti ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ọjà lè jẹ́ ibẹ̀. Ẹ lọ sí Ridley Road ní Dalston tàbí Rye Lane ní Peckham. Kì í ṣe kí òbí sáré rà kó sáré kúrò. Kí ọmọ mú ìwé ìrajà lọ́wọ́, tí a kọ ọ́ ní Yorùbá: ata rodo, tàtàṣé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, iṣu, ẹ̀fọ́. Ẹ wá ìsọ̀ tí ẹni tó ń tajà ti gbọ́ Yorùbá, kí ọmọ kí wọn pé "Ẹ kú ọjà, mà," kó béèrè pé "Èló ni, mà?" Kó sì fi ẹ̀rín tọrọ èènì. Bí wọn kò bá tilẹ̀ fún un, ó ti lo ọ̀rọ̀ náà níbi tí wọ́n bí i sí.

Ibòmíràn ni British Museum, níbi tí a kì í ti sanwó ìwọlé. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, ara àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tún wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà wá sí àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní ọdún 1924, ibẹ̀ ló sì gbà di ti British Museum. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní pàṣípààrọ̀. Ní apá kan ilẹ̀kùn, ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó kan ń bọ̀, èèyàn ló sì gbé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ: "Ta ló jókòó? Ta ló dúró? Ta ni wọ́n gbé? Kí ló dé tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn?" Ẹ̀yin tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ dáhùn èyí pẹ̀lú: ṣé London ló yẹ kí ilẹ̀kùn yìí wà, àbí Ìkẹ́rẹ́? Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní Yorùbá yóò wá "nítorí pé," "ṣùgbọ́n" àti "bí ó bá jẹ́ pé" kiri.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má tíì bọ́ bàtà tán kí ọmọ tó pe ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pè. Ẹ ti fi àwòrán ilẹ̀kùn ránṣẹ́ ṣáájú. Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá béèrè pé "Kí lo ṣe lónìí?", ẹ ó rí i pé fóònù ò ní tètè dé ọwọ́ yín.

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní kí ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré lẹ ní lọ́sẹ̀, àbá kìíní tó yín. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin ọmọ tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ má dúró de òbí. Ẹ lè sọ lónìí pé, "Mọ́mì, èmi ni mo ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí o." Ojú á yà wọ́n, inú wọn á sì dùn.

Ọ̀rọ̀ tuntun fún oṣù yìí

Ọrún: ọjọ́ márùn-ún, bí àwọn àgbà ṣe ń kà á.
Èènì: ìwọ̀nba díẹ̀ tí ọlọ́jà fi ń kún ohun tí a rà, láìgba owó rẹ̀.
Ná ọjà: kí a bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ títí iye owó fi máa wálẹ̀.
Sọdá: kí a ti apá kan títì dé apá kejì.
Júwe: kí a sọ bí ọ̀nà tàbí nǹkan ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.
Àbá: ohun tí a rò pé ó yẹ ká ṣe, tí a wá sọ fún àwọn yòókù.

Iṣẹ́ àmúrelé

Kí kíláàsì kìíní ya àwòrán ọ̀nà tuntun kan tí wọ́n gbà, kí wọ́n sì kọ "ọ̀tún" àti "òsì" síbi tó yẹ. Kí kíláàsì kejì kọ gbólóhùn márùn-ún tí wọ́n fi pín iṣẹ́ fún àgbà nílé ìdáná, kí "ẹ" wà nínú gbogbo rẹ̀. Kí kíláàsì kẹta kọ ìkíni "ẹ kú" mẹ́wàá tí wọ́n lò fún èèyàn ní tòótọ́ nínú oṣù yìí, kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n kí àti ohun tí ẹni náà ń ṣe. Ẹ má wulẹ̀ wò ó nínú ìwé o. Èyí tí ẹ bá lò nìkan ni kí ẹ kọ.